Ààlà Odò Ẹtu

Kádífù, ní ilẹ̀ Wélsì,
6 Oṣù Kejì, 1955

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Ikọ́ yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń mu oògùn tí dókítà fún yín ní Adó, àbí ẹ ti tún gbé e sí àjà pé kò korò tó? Yèyé mi ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kíjìpá tí wọ́n hun fún mi ni kò jẹ́ kí n kú sí ìlú yìí. Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ o. Omi tí mo bù kalẹ̀ láti fi bọ́jú láàárọ̀ àná ti dì gbagidi kí n tó jí. Bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn kò ràn mí, kíjìpá Yèyé ni mo ń wé mọ́ra lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ mi ń lọ déédéé. Wọ́n máa ń kó wa lọ sórí òkè pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n àti awò, a ó máa wọn ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jà sí, àfi àgùntàn.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìyá onílé mi, opó kan tí ń jẹ́ Mísíìsì Párì, ní òun kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wélsì ni òun. Wọ́n ní èdè tiwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́, wọ́n sì ń fi kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì títí orí mi á fi máa wú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ẹ́fánì, tí ń wa èédú, máa ń wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjà kan náà ni wọ́n sì máa ń jà: ṣé orílẹ̀-èdè kékeré lè dá dúró kó sì rí jẹ? Ìyá onílé á gbá tábìlì, á ní, "A ní èédú, a ní omi, a ní àgùntàn, a ní orí pípé. Kí ló tún kù? Ẹni tó ní ká dúró dìgbà tí a bá tóbi, ó fẹ́ ká dúró títí láé ni." Ẹ́fánì á ní, "Ta ní ń ra èédú ọ̀hún? Gẹ̀ẹ́sì. Níbo ni mo ti fẹ́ ìyàwó mi? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pa ààlà yín tán, ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ tí màá gbé e sí fún mi." Ìyá onílé á bá dìde. Tíì ló máa ń lọ gbé wá.

Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, torí ó dà bíi pé ẹ̀yin àti àwọn ará Òdogbà òdìkejì odò wa ni mò ń gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí ẹni tí ń bọ̀, ẹ fi ata gígún rán an sí mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Olúfúnṣọ́


Òkè-Uṣu, ní ọ̀nà Ìjàn, Èkìtì,
3 Oṣù Kẹrin, 1955

Olúfúnṣọ́ ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi. O kú òtútù, o kú àìjẹ ata. Mò ń mu oògùn mi, má fi mí ṣe ọmọdé. Yèyé rẹ kí ọ. Ó ti ta òwú kíjìpá mìíràn sórí òfì nítorí tìrẹ, ó ní èyí yóò nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

O pè é ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín! Háà, ọmọ yìí, o ò mọ ohun tí o kọ. Mo kà á tán, mo dé fìlà, mo ní kí wọ́n pe ìlú jọ. Ṣé o rántí ọdún tí ìwọ náà ru uṣu lọ sí Òdogbà? Lọ́dọọdún kí a tó fi uṣu tuntun kan ẹnu, a ó ru èyí tó dára jù lọ sí ààfin wọn. Wọn á ní ká jókòó sínú oòrùn kí àwọn jẹun tán. Lẹ́yìn náà wọn á máa ṣà á, wọn á máa ju kékeré inú rẹ̀ padà sí wa lẹ́sẹ̀. Baba tó bí mi jókòó sí oòrùn yẹn. Èmi jókòó síbẹ̀. Ìwọ jókòó síbẹ̀, o sì sunkún. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, ibi ìsìnkú, òdìkejì odò Ẹtu ni gbogbo rẹ̀ wà, lórí ilẹ̀ wọn. A ò lè kàwé, a ò lè kú, àfi bí a bá rékọjá lọ bá wọn.

Mo ka ìwé rẹ fún gbogbo ìlú. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá onílé rẹ ti gbá tábìlì, èmi náà gbá tábìlì. Ariwo sọ! Àwọn àgbà bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mo ní ọmọ mi ló kọ ọ́ wá láti ìlú òyìnbó. Ibi tí awa-èédú yẹn ti bẹ̀rẹ̀ àròyé, mo ká ìwé náà, mo fi sápò. A ò pe ìlú jọ nítorí ẹni tí kò rí ìyàwó fẹ́ nílé.

A ti kọ̀wé sí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní Adó. A ní a fẹ́ káńsù tiwa, a fẹ́ kóòtù tiwa, a ò sí lábẹ́ Òdogbà mọ́. Ó fèsì pé òun yóò wá fi ojú òun rí i bóyá a lè dá dúró. Nítorí náà, yára kọ́ṣẹ́ rẹ kí o máa bọ̀. Ìwọ ni yóò wọn ààlà wa. Mo fẹ́ kó tọ́ gbọnrangandan láti orí òkè dé odò Ẹtu. Kó má yà fún ẹnikẹ́ni.

Èmi baba rẹ,
J. A. Bámgbóyè


Kádífù,
22 Oṣù Kẹrin, 1955

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àtìgbà tí mo ti ka ìwé yín ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ta ló ní kí ẹ ka ìwé mi fún ìlú? Ọ̀rọ̀ orí tábìlì oúnjẹ ni mo kọ sí yín, ẹ wá sọ ọ́ di ìmọ̀ràn. Ẹ sì tún dá a dúró láàárín! Ẹ ò bá kúkú kà á tán. Nítorí ọ̀rọ̀ Ẹ́fánì gan-an ni mo ṣe kọ ọ́.

N kò ní kí Òkè-Uṣu máa ru uṣu títí ayé. Mo rántí oòrùn yẹn. Mo rántí pé ẹ fi agbádá yín bò mí lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ilé wa. Níbo lẹ ti gbé Yèyé wá? Òdogbà. Ìyàwó Bàbá Ògúntúndé tó múlé tì wá ńkọ́? Òdogbà. Ọmọ baba kan náà ni gbogbo wa ní Òkè-Uṣu, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í fẹ́ ara wa. Látìgbà ìwáṣẹ̀, òdìkejì odò la ti ń gbé ìyàwó. Kò sí ilé kan nínú ìlú wa tí ìyá ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ Òdogbà. Báwo la ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, tí a kò ní ti ìyá wa mọ́ ìta?

Ẹ bá mi bi Yèyé ohun tí wọ́n rò sí i. Kí ẹ sì kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́.

Ọmọ yín,
Olúfúnṣọ́


Òkè-Uṣu,
14 Oṣù Kẹjọ, 1955

Olúfúnṣọ́,

O kú iṣẹ́. Bí o bá rí i pé mi ò tètè fèsì, inú ló ń bí mi. Ìwé tí o kọ yẹn, èmi nìkan ni mo kà á, mi ò ka ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Àṣé ẹnu rẹ ti gùn tó báyìí! Ìgbà tí mò ń ta kòkó mi kí o lè wọkọ̀ ojú omi, o ò sọ fún mi pé o fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi baba ẹni léèrè ọ̀rọ̀.

O ní kí n bi yèyé rẹ. Mo bi í. Ó wà nídìí òfì. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ò bi mí kí ẹ tó ka ìwé." Mo bá tèmi lọ.

Ọdún yìí, a ò ru uṣu lọ ibì kankan. A jẹ uṣu wa kí Òdogbà tó jẹ tiwọn. O ò bá wà níbẹ̀ kí o rí àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń sunkún sórí iyán. Bàbá Ògúntúndé gé òkèlè kan, ó gbé e dání. Ó ní, "Bámgbóyè, mo rò pé màá kú kí n tó jẹ èyí." Bí o bá rí ojú rẹ̀, o ò ní kọ irú ìwé yẹn sí mi.

Báyìí, gbọ́ èyí. Bí ajẹ́lẹ̀ bá dé tó bá àwọn èèyàn wa lọ́nà ọjà Òdogbà, yóò ní ìlú kan náà ni wá, àríwísí lásán là ń ṣe. A ti dá ọjà tiwa sílẹ̀. À ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé lábẹ́ àtíbàbà, à ń ṣe ìsìn ní pálọ̀ mi. A sì ṣòfin: títí ajẹ́lẹ̀ yóò fi wá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rékọjá odò Ẹtu. Ẹni tó bá rékọjá, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kó dúró sọ́hùn-ún títí ajẹ́lẹ̀ yóò fi wá tí yóò sì lọ. Èmi ni mo gbé òfin náà kalẹ̀. Èmi ló yẹ kó pa á mọ́ jù.

Ata rẹ wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbé e wá. Má fi ṣòfò.

Baba rẹ,
J. A. Bámgbóyè


Ulé Akínyẹlé, Òdogbà,
11 Oṣù Kejìlá, 1955

Fúnṣọ́ mi,

Tíṣà Olúmúyìwá ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe wí, kó má fi ìwé tí òun kà tún un ṣe. O kú àjò o. O kú òtútù. Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ata dé?

Wò ó, mo ti rékọjá odò. Ìyá mi ló dùbúlẹ̀ àìsàn, Akínyẹlé àbúrò mi sì ránṣẹ́ sí mi. Mo sọ fún bàbá rẹ. Ó ní kí n ní sùúrù, ajẹ́lẹ̀ ò ní pẹ́ dé. Mo ní ṣé àìsàn mọ ajẹ́lẹ̀ ni? Ó ní bí mo bá lọ, òun ò ní lè rú òfin nítorí pé ìyàwó òun ni. Mo ní mo gbọ́. Mo di ẹrù mi. Kò bá mi jà, má rò pé ó bá mi jà. Ó gbé ẹrù náà rù mí lórí, ó sì sìn mí dé etí odò.

Ìyá mi ti lọ, ọmọ mi. Apá mi ló kú sí. Kíjìpá tí mò ń hun fún ọ, mo ti gé e lórí òfì kí n tó kúrò nílé, mo ní kí n wá ṣẹ́ etí rẹ̀ níbí. Òun la fi sin ìyá mi. Má bínú sí mi. Kò sí aṣọ mìíràn tó tó ìyá mi lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Màá hun tìrẹ bí mo bá padà délé.

Ilé náà ni ò tíì ṣeé padà sí. Lẹ́yìn ìsìnkú mo lọ sí odò, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n fi ṣọ́ ọ̀nà ní kí n ṣe sùúrù. Àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn ni o! Ojú ń tì wọ́n, wọn ò lè wò mí. Bàbá rẹ wà lẹ́yìn wọn. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń wo igi obì rẹ̀ bí ẹni pé kò rí i rí. Mo mọ ẹ̀yìn bàbá rẹ. Ẹkún ló ń sun. N ò pè é. Bí mo bá pè é, yóò dáhùn, wọ́n á sì ní Bámgbóyè ń ṣòfin fún ìyàwó oníyàwó.

Àárọ̀ àárọ̀ ni mo ń lọ pọnmi níbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà àárọ̀ ní pálọ̀ wa. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ó jí ire. Èmi náà ti ní ikọ́ díẹ̀ báyìí, ọyẹ́ ọdún yìí le. Má jẹ́ kó kó ọ lọ́kàn sókè. Má kọ ìwé burúkú sí bàbá rẹ. Ohun tó ń wá yẹn, òtítọ́ ni. Ó kàn jẹ́ pé àárín ọ̀nà ni èmi wà.

Ìyá rẹ tó bí ọ,
Monínúọlá


Kádífù,
2 Oṣù Kìíní, 1956

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún. Mo gba ìwé Yèyé. N kò fẹ́ bínú sí yín, wọ́n sì bẹ̀ mí kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá, n kò sọ pé ẹ kò jàre. Ìwé ìròyìn níbí ń sọ pé ìlú ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi omi bo àfonífojì kan ní ilẹ̀ Wélsì, kí àwọn lè rí omi mu: ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, ibi ìsìnkú, gbogbo rẹ̀. Mísíìsì Párì sunkún títí. Ẹ́fánì tí kì í gbà fún un, òun náà sunkún. Mo jókòó láàárín wọn, oòrùn Òdogbà ni mò ń rántí. Mo mọ̀ báyìí pé ẹni ńlá lè fi ẹni kékeré ṣeré títí yóò fi tẹ̀ ẹ́ rì.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ mú Yèyé wálé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jọ̀wọ́. Ikọ́ tí wọ́n pè ní díẹ̀ kì í ṣe díẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, wọn kì í sọ àìsàn. Bí òfin bá gbọdọ̀ mú ẹnì kan, kó mú ẹ̀yin. Ẹ rékọjá odò fúnra yín, kí ẹ jókòó tì wọ́n lọ́hùn-ún títí ajẹ́lẹ̀ yóò fi dé. Ìlú yóò dúró dè yín.

Ọmọ yín,
Olúfúnṣọ́


Kádífù,
19 Oṣù Kejì, 1956

Bàbá mi,

Mo ń wo ọ̀nà ìwé yín. Kò sí. Mo kọ̀wé sí Yèyé ní Òdogbà, kò sí èsì. Mo kọ sí tíṣà Olúmúyìwá, kò sí. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ti mọ̀ mí, bó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, á ti máa mi orí láti ọ̀nà jíjìn.

Òtútù mú gidigidi, mo sì wé kíjìpá mọ́ra. Mo kórìíra pé èmi ni mo wé e mọ́ra. Ẹ kọ̀wé sí mi, ọ̀rọ̀ kan péré, kódà kó jẹ́ èébú.

Olúfúnṣọ́


Òkè-Uṣu,
8 Oṣù Kẹrin, 1956

Olúfúnṣọ́ ọmọ mi,

Jókòó kí o tó kà á.

Yèyé rẹ ti lọ. Òtútù àyà ni. Èmi ni mo ní kí tíṣà má kọ ọ́ sí ọ, mo ní èmi baba rẹ ló yẹ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá mú kálámù, mo máa ń gbé e sílẹ̀.

Ìwé rẹ tí o fi bẹ̀ mí dé. Mo kà á, mo wọ bàtà mi, mo dé etí odò. Àwọn ọmọ tí ń ṣọ́nà dìde kí mi. Wọ́n ní, "Bàbá, ajẹ́lẹ̀ ti ránṣẹ́, ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí." Mo ní ọ̀sẹ̀ kan kò pọ̀. Mo padà. Ajẹ́lẹ̀ kò wá lọ́sẹ̀ yẹn, ara rẹ̀ ni kò yá. Ó tún dá ọjọ́ mìíràn, òjò àkọ́rọ̀ gbé afárá kan lọ lójú ọ̀nà. Akínyẹlé dé etí odò, ó kígbe sí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń le o, ó ń béèrè yín." Mo ní, "Sọ fún un pé bí ajẹ́lẹ̀ bá ti lè lọ báyìí, màá pọ̀n ọ́n wálé." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Akínyẹlé yí padà, ó lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń sin ín ni ajẹ́lẹ̀ dé. Mo ti gbọ́ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé yèyé rẹ ti kú. Bàbá Ògúntúndé ní kí n lọ, ó ní òun yóò mú òyìnbó náà kiri. Mo ní rárá, òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ìlú yóò bàjẹ́. Mo wọ agbádá tí mo fi bò ọ́ lórí nígbà náà. Mo mú ajẹ́lẹ̀ dé ọjà wa, ó ní ó dára. Mo mú un dé àtíbàbà ilé ìwé, àwọn ọmọ kọrin fún un. Mo fi ilẹ̀ tí a ṣán fún ibi ìsìnkú hàn án, ó ní ìlú gidi ni wá. Ibẹ̀ la dúró sí tí orin fi ń ti òdìkejì odò wá. Ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà, o mọ̀. Mo ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin náà. Ajẹ́lẹ̀ bi mí pé orin kí nìyẹn.

Mo ní, "Àwọn ará Òdogbà ni. Wọ́n ń sin èèyàn wọn kan."

Fúnṣọ́, ohun tí ẹnu mi sọ nìyẹn. Ogún ọdún ó lé tó fi jẹ́ ìyàwó mi, mo fi í lé wọn lọ́wọ́ níṣojú òyìnbó, kí ìlú mi lè yege. Ó sì yege. Ìwé ti dé láti Adó, a ti gba káńsù wa, èmi ni wọ́n fi ṣe alága. Wọ́n gbé mi sí èjìká yí ìlú ká. Kò sí ìyàwó ilé kan tó bá wa jó lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá.

Àwọn ọ̀dọ́ ní kí n jẹ́ kí àwọn lọ tọrọ òkú yèyé rẹ, kí a wá sin ín síbi ìsìnkú tiwa. Mi ò gbà. Ẹnikẹ́ni kò tíì sùn níbẹ̀, òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló ní kí wọ́n tẹ́ òun sí, nísàlẹ̀ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, létí odò. Mo lè rí i láti ìdí igi obì mi. Òfin ti tán, kò sí ẹni tí ń ṣọ́nà mọ́, síbẹ̀ mi ò tíì lè rékọjá. Ẹsẹ̀ mi kì í gbé mi kọjá etí omi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá mo tún pe ìlú jọ. Mo mú ìwé rẹ àkọ́kọ́ jáde lápò, mo ka ibi tí mo ti ká a sí fún wọn, ọ̀rọ̀ ọkùnrin awa-èédú yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ dìde lọ.

Ṣé o ó ṣì wá wọn ààlà wa? Máa bọ̀. Mo kọ ọ́ sí ọ pé kó tọ́ gbọnrangandan, kó má yà fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kó yà. Bí o bá dé odò Ẹtu, mú un kọjá omi, kí o yí i ká sàréè kan ṣoṣo yẹn, kí o tó mú un padà. Bí Òdogbà bá fẹ́ jà sí i, èmi yóò fi orí ara mi ru uṣu lọ bẹ̀ wọ́n, màá sì jókòó sínú oòrùn títí wọn yóò fi jẹun tán.

Baba rẹ,
Bámgbóyè ọkọ Monínúọlá